Tíṣà Tó Sọ Mí Ní Ańbùrẹ́là

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà kan wà tí n kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lónìí, tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu màmá kì í sinmi, ẹ lè rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ oṣù ló kọjá lẹ́yìn tí a dé Ajégúnlẹ̀ tí ará ìta kankan kò fi gbọ́ ohùn mi.

Ìsẹ́yìn la ti wá. Bàbá mi ti ṣáájú wa dé Èkó, ó ń wa lọ́rì tó ń kó ẹrù láti wọ́ọ̀fù Apápá lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tó rí yàrá kan gbà ní Ajégúnlẹ̀, ó ránṣẹ́ pé kí ìyá mi kó wa máa bọ̀. Kò tíì pẹ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń wọ Èkó bí omi òjò, kálukú pẹ̀lú ẹní, ìkòkò àti èdè abínibí rẹ̀. Nínú ilé tí a dé sí, èdè Ìjọ ni wọ́n ń sọ ní yàrá tó kọjú sí tiwa, Ùròbò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Ìgbò ní ẹ̀yìnkùlé, Pijin sì ni gbogbo wọn fi ń pàdé lẹ́bàá kànga. Àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ ńkọ́? Tiwọn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ọmọ wọn á pariwo pé, "Ará òkè ti tún dé!" Wọ́n á máa fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á fà á gùn bí ẹni ń fa okùn. Mo bá kúkú pa ẹnu mi dé. Bí wọ́n bá kí mi, màá kúnlẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, ó tán.

Iléèwé kan ní Olódì-Apápá ni bàbá mi mú mi lọ. Wọ́n kó gbogbo àwa tí a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sínú kíláàsì kan ní ìkangun, lábẹ́ òjìji igi fúrúùtù ńlá kan. Àwọn ọmọ yòókù sọ wá ní "kíláàsì àwọn odi." Ẹ kò lè dá wọn lẹ́bi jù, nítorí bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ọmọ Ìjọ jókòó ti ọmọ Haúsá, ọmọ Haúsá jókòó tì mí, gbogbo wa ń wo ẹsẹ̀ ara wa.

Tíṣà tí wọ́n fún wa kò tíì dàgbà púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ìlà ṣòkòtò rẹ̀ sì máa ń mú bí abẹ. Ó ní kẹ̀kẹ́ kan tí aago rẹ̀ kì í dún. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń ṣe aago: "Gíríń-gíríń! Gíríń-gíríń!" Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ igi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a ń retí ẹgba. Gbogbo wa ti gbọ́ pé ẹgba ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àpò ìdọ̀họ kan ló gbé wọlé, ó kún, ó rí págunpàgun. Ó ní kí a kó pẹ́ńsù àti ìwé wa sábẹ́ àga, pé ọjọ́ wọn ṣì ń bọ̀.

Ó ń dì wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ní kí a ki ọwọ́ bọ inú àpò náà. Ohun tí ọwọ́ bá bà, kí a fọwọ́ pa á lára dáadáa, kí a tó fà á jáde. Bí a bá ti fà á jáde, ó sọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo kíláàsì á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sí tíṣà kankan tó tíì sọ rí. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, ó tún fi Pijin sọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ àti ojú ṣàlàyé fún àwọn tí kò gbọ́ méjèèjì: ohun tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, orúkọ rẹ nìyẹn nínú kíláàsì yìí. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà. Lọ máa wò ó nílé, lọ máa wò ó lójú títì, kí o mọ ohun tó ń ṣe, kí o sì wá fi ẹnu ara rẹ sọ fún wa bí ẹni pé ìwọ gan-an ni.

Ọmọkùnrin Ìjọ inú yàrá tó kọjú sí tiwa fa garawa kékeré kan jáde, ó di Bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin kan di Káńdù, ìyẹn àbẹ́là. Ọmọ Haúsá tó jókòó tì mí di Họ́mà tí wọ́n fi ń kan ìṣó. Èmi fa agbòjò kan tí irin rẹ̀ ti ṣẹ́ jáde. Bí mo ṣe di Ańbùrẹ́là nìyẹn.

Ẹ ò rí i, orúkọ náà tẹ̀ lé wa délé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń kọjá lọ, ó kígbe láti ojú pópó pé, "Bọ́kẹ́ẹ̀tì! Báwo ni!" Ìyá Bọ́kẹ́ẹ̀tì, obìnrin gíga kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń yan ẹja. Ó dìde.

"Who be Bucket?" ló bi ọmọ rẹ̀. "I born you, I give you name. Who go change am?"

 Bọ́kẹ́ẹ̀tì na apá rẹ̀ méjèèjì bí etí garawa, ó fẹ ikùn síta, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé garawa ni òun, pé òun ń gbé omi, pé òun lágbára, pé ilé kankan kò lè ṣe kó má ní òun. Ìyá rẹ̀ wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó padà láìmọ ibi tí àpótí rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè é ní Bọ́kẹ́ẹ̀tì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó ń wo gbogbo rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi ìyá mi léèrè pé, "Ṣé ohun tí mo ń sanwó fún nìyí?"

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá mi já sí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nínú ohun tí ojú wa rí ní kíláàsì yẹn. Bí tíṣà bá fẹ́ kọ́ wa ní "under the table," kì í yàwòrán rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù. Abẹ́ tábìlì ni yóò kó gbogbo wa wọ̀, òun náà á sì wọlé tẹ̀ lé wa. Lọ́jọ́ kan, hẹ́dìmásítà wa, àgbàlagbà kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ máa ń wà ní ṣóńṣó imú, yọjú wọ kíláàsì, kò rí ẹnì kankan. Ó dúró, ó yí ká. "Where is everybody?" ló wí. Gbogbo wa pa pọ̀ dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "We are under the table, sir!" Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí kíláàsì àwọn odi sọ pa pọ̀ nìyẹn. Tíṣà rá jáde, eruku wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa, ó kí ọ̀gá rẹ̀. Hẹ́dìmásítà mi orí lọ, ó mi orí bọ̀, ó sì jáde lọ.

Nígbà òjò, ẹ mọ bí Ajégúnlẹ̀ ṣe máa ń rí. Wọ́n á to pákó sórí omi kí ènìyàn lè rìn dé títì. Tíṣà wá pàdé wa níbẹ̀ láàárọ̀ kan, ó ní kí kálukú máa sọ ibi tó wà: "I am on the plank." Bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bí sí etí odò, kò ka omi sí nǹkan kan. Nígbà tó kàn án, ó fò sísàlẹ̀ gbàmù, ó sì kígbe tayọ̀tayọ̀ pé, "I am in the water!" Ẹ gbọ́, kò sí ọmọ kan nínú wa tó tún ṣi "on" àti "in" lò mọ́ láyé rẹ̀.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n inú kíláàsì nìkan ni. Ohùn mi ṣì kéré. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wò ó, kò sí ẹni tó lè pè mí ní ará òkè. Gbogbo wa la jọ jẹ́ àlejò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé, màá tún pa ẹnu mi dé, bàbá mi kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà lára mi.

Ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, tíṣà kó wa lọ sí Warehouse Road. Ó ní ìwé kíkà pọ̀ níbẹ̀ tí ẹnì kan kò kà. Lóòótọ́, àpótí pákó ńláńlá wà ní ìtòsí àwọn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ti kọ nǹkan sí wọn lára pẹ̀lú ọ̀dà dúdú. A to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ń kà á sókè. Èyí ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi kan òun. Èyí ní kí wọ́n rọra gbé òun. Òmíràn ní ibi báyìí ni òkè òun, kí wọ́n má dojú òun dé. Tíṣà ní, "Ẹ wò ó, àpótí ń sọ̀rọ̀. Kò lẹ́nu, ó sì ń sọ ohun tó ń dùn ún." Ó ní kí kálukú wa lọ ronú: bí ìwọ bá jẹ́ àpótí, níbo lo ti wá, kí ló wà nínú rẹ, kí lo fẹ́ kí wọ́n kọ sí ọ lára? Ọ̀la ni a ó sọ ọ́.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni lọ́rì kan fọn fèrè lẹ́yìn wa, ó sì dúró. Bàbá mi ni. Ó bọ́ sílẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé iléèwé nìyí?" ló wí. "Ẹ kó ọmọ ọlọ́mọ sáàárín lọ́rì?"

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku, ó ní kí ó máà bínú. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́. Ó gbé mi sínú lọ́rì, ó sì wà mí délé. Ẹ má rò pé òǹrorò ni bàbá mi o. Iṣẹ́ ojú títì ló ń ṣe, ó ti rí ohun tí lọ́rì lè fi ọmọ ènìyàn ṣe. Ẹ̀rù ló bà á, ó sì ti dìbínú kó tó délé.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó kírun tán, ó sọ fún ìyá mi pé òun ti pinnu. Kí n padà sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá òun tó ń ran òwú. "Ẹni tó bá ń ran òwú, a máa rí òwú lọ́wọ́ rẹ̀," ló wí. "Èyí tí wọ́n ń ṣe yìí, eré ni. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì." Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi jókòó sí kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìyá àgbà mi dọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ pé mo ń lọ, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ gbé mi kúrò nídìí oúnjẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ́wọ́ lọ bá hẹ́dìmásítà. Inú hẹ́dìmásítà dùn díẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Òun náà ti fẹ́ kí ẹnìkan bá òun sọ̀rọ̀ tíṣà yìí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá a ní kíláàsì, alàgbà, kí a sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Nígbà tí a wọlé, Họ́mà wà lórí ìdúró, ó ń sọ tiẹ̀ pé àpótí ìṣó ni òun, pé Kánò ni òun ti wá. Tíṣà dá a dúró. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ, sà. Bẹ́ẹ bá fẹ́ mú un lọ, n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo kàn bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Bàbá mi wo hẹ́dìmásítà. Hẹ́dìmásítà gbé èjìká. Wọ́n jókòó.

Mo dìde. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ sá lọ. Bàtà bàbá mi ni mò ń wò, bàtà tó ní epo ẹ́ńjìnnì lára. Mo gbọ́ ohùn Bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn mi tó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "I am a box." Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí èyí ti jáde tán, ìyókù tẹ̀ lé e, mi ò mọ ibi tó ti ń wá.

"Kí ló sọ?" ni bàbá mi bi hẹ́dìmásítà.

Hẹ́dìmásítà wú ikọ́. Ó kọ́kọ́ ń fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. "Ó ní àpótí ni òun. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni òun ti wá. Wọ́n gbé òun wá sí Èkó, wọ́n sì sọ òun kalẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀."  Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá. Wọ́n ń gbá òun, wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ṣí òun wò."

Bàbá mi ní, "Ẹ bá mi bi í, kí ló wà nínú ẹ̀?"

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Èmi àti bàbá mi, tí a jọ ń sọ èdè kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ògbufọ̀ ló wà láàárín wa. Hẹ́dìmásítà fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, kò sì mọ̀ pé òun kò nílò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó ní orin ló wà nínú òun," ló sọ fún bàbá mi. "Orin àti àlọ́ tí ìyá yín pa fún un. Ó ní ó kún dẹ́nu. Ó ní kí wọ́n rọra gbé òun, kí wọ́n má sì tíì gbé òun lọ ibòmíràn, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí òun ni."

 Bàbá mi ṣí fìlà, ó fi nu ojú rẹ̀, ó tún dé e padà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín?"

"Gbogbo wọn ni, Bàbá."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ kì í sí nílé."

Ó mi orí. "Ṣé o ò fẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn?"

"Rárá, Bàbá!" Ohùn tí mo fi sọ èyí, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà iléèwé. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ohùn ará òkè gan-an, kò sì sẹ́ni tó fi rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó kọjú sí tíṣà, ó ní, "Èmi ńkọ́? Wọ́n ní orúkọ wà nínú àpò."

Kíláàsì dàrú pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Tíṣà di bàbá mi lójú, bàbá mi ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fa ìkòkò irin kan tó ní ẹnu ṣóńṣó jáde. "Haa, búútà àlùwàlá mi rèé!" ló wí. A pariwo lé e lórí pé, "Kettle! Kettle!" Ó ń tún un sọ, "Kẹ́túlù, Kẹ́túlù," bí ọmọ tó ń tọ́ oyin wò. Hẹ́dìmásítà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ lọ, kò sì tíì mọ́ tó.

Ó kìlọ̀ fún tíṣà ṣá o, pé kò gbọdọ̀ kó wa lọ sójú títì mọ́ láìsí àgbàlagbà mìíràn. Bàbá mi ní òun á bá wa lọ bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ó sì ṣe é. Bí ẹ bá rí i ní Warehouse Road, tó gbé ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá, tó ń dá lọ́rì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró kí àwa lè kọjá! Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí i láti orí ìjókòó wọn pé, "Kẹ́túlù, ó ti hó!" Nírọ̀lẹ́, bó bá ti fọ ẹsẹ̀ tán, yóò pè mí, yóò ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tí mo bá fún un, yóò fi gbogbo alẹ́ yọ ìyá mi lẹ́nu.

Nígbà tí ọdún náà parí, kò sẹ́ni tó tún ń pè wá ní kíláàsì àwọn odi mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a jọ̀ọ́, kí a dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn. Gbogbo wa sin ín dé ìdí ọkọ̀, àti ìyá Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó di ẹja yíyan fún un, àti hẹ́dìmásítà pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, a gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé: "Gíríń-gíríń!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Apápá tí mò ń sọ yìí, tírélà ti gba gbogbo rẹ̀, kò sí bí tíṣà ṣe lè kó ọmọ rìn níbẹ̀ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí a rá wọ abẹ́ tábìlì kí a tó rí, òun ni ẹ fi ń sunkún ní ọjọ́ tí wọ́n bí yín. N kò bá yín jà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ń rí i pé Yorùbá ló wá di àlejò nínú ilé wa báyìí. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í là á lẹ́nu, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ṣì í sọ, ilé á fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tí wọ́n bí sí òkè òkun wá kí mi. Ó ti wà lọ́dọ̀ mi láti àárọ̀, a ti jọ jẹun, a ti jọ sinmi. Ó dìde lójijì nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú mi láàárín pálọ̀, ó sì sọ èyí tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ láti inú bàálù: "Ẹ kúulé, Màmá." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń kí ènìyàn ní ẹ kúulé nígbà tí òun náà wà nílé. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé?"